Ẹsẹ̀ Eré Sísá àti Ẹsẹ̀ Bọ́ọ̀lù

  Ìbéèrè tí ẹ gbé ka iwájú mi kò gùn, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀: ẹni tí ó ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú eré ìdárayá kan, ǹjẹ́ ó lè kó òkìkí àti agbára rẹ̀ wọ inú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, kí ó sì fi í ṣe iṣẹ́ jẹun?

Ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó ilẹ̀ òkèèrè nìyí, pé kí ni ó kàn wá níbẹ̀. Ó kàn wá. Ní Ìlúpéjú tí mo ń gbé, àti ní Mushin tí ó bá wa pààlà, ó ṣòro kí oṣù kan kọjá kí n má gbọ́ ti ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń tì síhìn-ín sọ́hùn-ún nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ náà yára. Ó gba ipò kìíní nínú eré 100 mítà ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹnìkan sì sọ fún bàbá rẹ̀ pé kò sí owó nínú eré sísá, pé bọ́ọ̀lù ni kí wọ́n fi irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbá. Kò ní pẹ́ tí ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní aṣojú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní òkè-òkun yóò fi yọjú, tí yóò sì béèrè owó ìwé ìrìnnà. Mo mọ bàbá tí ó kó owó ilé ọdún kan lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ gbajúmọ̀ tí ó fẹ́ di agbábọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni a ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù lọ. Usain Bolt, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà, ni ó sá eré 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 9.58 ní ìlú Berlin ní oṣù kẹjọ ọdún 2009. Ní ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ó sá 200 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 19.19. Àmì-ẹ̀yẹ wúrà mẹ́jọ ni ó wà lórúkọ rẹ̀ nínú ìdíje Òlíḿpíìkì mẹ́ta. Ní ọdún 2017 ó fi eré sísá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ bọ́ọ̀lù ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́. Olólùfẹ́ ẹgbẹ́ Manchester United ni, kò sì fi í pamọ́ rí pé òun fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù jẹun. Ní ọdún 2018 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn. Ó bá ẹgbẹ́ Mamelodi Sundowns ṣe ìdánrawò ní Gúúsù Áfíríkà, ó bá Borussia Dortmund ṣe é ní Jámánì, ó bá Strømsgodset ṣe é ní Nọ́wè. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni ẹgbẹ́ Central Coast Mariners ní ìlú Gosford, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, gbà á sí àárín wọn láti dán an wò. Ọjọ́ tí ó pé ọdún 32 gan-an ni ó bá wọn bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò.

Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wá wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ nítorí tirẹ̀. Nọ́ńbà 95 ni ó wà ní ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbàgbé 9.58. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú tí ó gbẹ̀yìn ni ó fi gbá bọ́ọ̀lù, kò sì gbá góòlù wọlé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ mìíràn pẹ̀lú ẹgbẹ́ Macarthur South West United, Bolt gbá góòlù méjì wọlé, ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí ó bá borí nínú eré sísá, gbogbo ìwé ìròyìn ayé sì gbé e. Ẹgbẹ́ Valletta ní Málítà ní kí ó wá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọdún méjì, kò gbà. Nígbà tí oṣù kọkànlá bẹ̀rẹ̀, òun àti Mariners kò rí owó ọ̀rọ̀ wọn bá ara mu, wọ́n sì pínyà. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ó kéde pé eré ìdárayá ti parí fún òun. Kò gbá ìdíje líìgì kan ṣoṣo.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kò sí lára wọn. Ọkùnrin tí ó ti ní ohun gbogbo tí ó ń tẹ́ ènìyàn lọ́rùn, tí ó sì tún gbà kí àwọn ọmọdékùnrin ọdún mọ́kàndínlógún máa gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ òun ní gbangba, ó ní ọkàn. Ohun kan ni kí a má tan ara wa jẹ lórí rẹ̀: òkìkí ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ẹni ọdún 32 tí kò gbá ìdíje líìgì kankan rí, tí orúkọ rẹ̀ kì í sì í ṣe Bolt, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni yóò dá a padà.

Kí ló wá dé tí ẹsẹ̀ tí ó yá jù láyé kò tó? Ẹ wo bí eré 100 mítà ti rí. Ìlà tí sárésáré ń sá lé lórí, tirẹ̀ nìkan ni. Kò sí ẹni tí yóò gba iwájú rẹ̀ kọjá, kò sí ẹni tí yóò fà á láṣọ, ó mọ ibi tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì mọ ibi tí yóò parí sí. Bolt ga tó mítà 1.95, nǹkan bí ìṣísẹ̀ 41 ni ó fi ń jẹ 100 mítà tán. Láàárín 60 mítà sí 80 mítà ni eré rẹ̀ máa ń dé góńgó, tí ó fi ń lọ ju kìlómítà 44 láàárín wákàtí kan. Ta ni yóò fún un ní 60 mítà gbalaja lórí pápá bọ́ọ̀lù? Eré tí agbábọ́ọ̀lù ń sá kì í sábàá ju mítà mẹ́wàá sí ogún lọ. Lẹ́yìn náà yóò dúró wúyẹ́, yóò yí padà, yóò tún sá. Gbígbéra ní ìbẹ̀rẹ̀ eré gan-an, níbi tí agbábọ́ọ̀lù ti nílò eré jù, ni Bolt kò ti ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ, nítorí gíga rẹ̀.

Ìyẹn gan-an kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀. Láàárín 90 ìṣẹ́jú, agbábọ́ọ̀lù a máa rìn, a sì máa sáré tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́wàá, síbẹ̀ bí a bá ka gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù fi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ pọ̀, agbára káká ni yóò fi ju ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta lọ. Kí ni ó ń fi ìyókù ṣe? Ó ń wòye. Ó ń wo ibi tí ẹnìkejì rẹ̀ yóò sún sí kí ó tó sún, ó ń wo èjìká ẹni tí ó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ó ń ṣírò ibi tí bọ́ọ̀lù yóò balẹ̀ sí. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá sì dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà á kí ó rọ̀ wọ̀ọ̀, bí ẹni gba ẹyin. Agbábọ́ọ̀lù kan nínú líìgì Ọsirélíà sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀bọpo-bọyọ̀ pé bí bọ́ọ̀lù bá kan Bolt lẹ́sẹ̀, ń ṣe ni ó máa ń ta padà.

Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ tèmi, ẹ jẹ́ kí n fi èdè là á yé wa. A ti rí òyìnbó ọ̀mọ̀wé tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ó pé ọgbọ̀n ọdún ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Yorùbá. Ó mọ gírámà èdè wa ju ọ̀pọ̀ wa lọ, ó lè kọ ìwé ńlá lórí ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹ mú un lọ sí ọjà Mushin kí ó lọ ra igbá. Bí kò bá ṣọ́ra, igba ni yóò pè é, tàbí ìgbà. Ó mọ ìyàtọ̀ wọn dájúdájú. Ṣùgbọ́n ó ní láti kọ́kọ́ rò ó kí ó tó sọ ọ́, ìyá tí ó ń tajà kò sì lè máa dúró dè é. Ọmọ ọdún mẹ́ta kì í rò ó. Bí ohùn ti rí nínú èdè ni gbígba bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ ti rí nínú eré yìí. Kò sí àyè láti rò ó. Àwọn tí Bolt ń bá díje ti ń gbá a láti ọmọ ọdún márùn-ún, mẹ́fà. Èdè abínibí ni wọ́n ń sọ, òun sì ń túmọ̀ èdè. Àti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín yóò ní, “Ọ̀gá, ẹ dúró ná. Ọmọ Nàìjíríà kan ṣe é, ó sì yọrí sí rere.” Òótọ́ ni. Christian Okoye, ọmọ Enugu, àwo irin ni ó ń jù, òun ni ó gbé e lọ sí Yunifásítì Azusa Pacific ní Kalifọ́níà ní ọdún 1982. Nígbà tí wọ́n kó àwọn tí yóò ṣojú Nàìjíríà lọ sí Òlíḿpíìkì ọdún 1984, wọn kò mú un, bẹ́ẹ̀ ó jù ú jìnnà tó. Inú bí i, ó sì yà sí bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sá lọ. Ó ti lé ní ogún ọdún kí ó tó mọ bí wọ́n ti ń gbá a. Ní ọdún 1987 ẹgbẹ́ Kansas City Chiefs mú un, nígbà tí ó sì di ọdún 1989, kò sí ẹni tí ó gbé bọ́ọ̀lù sáré jìnnà tó o nínú líìgì wọn: 1,480 yáàdì. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Kí ó di bọ́ọ̀lù mú, kí ó sì la àárín àwọn tí ó fẹ́ dá a dúró kọjá. Ọkùnrin tí ó wúwo tó kìlógíráàmù 118, tí gbígbéra rẹ̀ sì yá bí ti ajuwo, ohun tí iṣẹ́ tuntun náà ń béèrè ti wà lára rẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀. Orúkọ ni àwọn bọ́ọ̀lù méjèèjì fi jọra.

Èyí ni ó mú mi dé ọ̀dọ̀ ọmọ Èkó tí mo fẹ́ kí a ronú lé lórí jù. Hakeem Ọlájùwọ́n, Akeem ni ó ń kọ ọ́ títí di ọdún 1991, ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 1963 ni wọ́n bí i ní Èkó níhìn-ín, sílé àwọn òbí tí ó ń ta sìmẹ́ńtì. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí ọ̀gá nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí a ń jù sínú àwọ̀n lókè. Ṣùgbọ́n ní ìgbà èwe rẹ̀, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá ni ó mọ̀, ẹnu góòlù sì ni ó máa ń dúró sí. Ó ti di ọ̀dọ́ kí ó tó fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí yóò ṣe é lóòótọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fetí sí ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ Muslim Teachers' College ni, ó tẹ̀lé àwọn tí ó lọ gbá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá ní ìdíje àwọn olùkọ́ gbogbo Nàìjíríà ní Sókótó, ibẹ̀ ni wọ́n ti fà á wọ inú ẹgbẹ́ alápẹ̀rẹ̀. Ìdíje àwọn olùkọ́! Kò sí aṣojú òkè-òkun níbẹ̀.

Ní ọdún 1980 ó lọ sí Yunifásítì Houston. Kò mọ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ti mọ̀ láti kékeré. Nígbà ìsinmi, ó máa ń bá Moses Malone díje, ọ̀kan nínú àwọn tí ó lágbára jù ní líìgì wọn nígbà náà, èyí tí ń fi èjìká gbé e ṣubú. Ní ọdún 1984 ẹgbẹ́ Houston Rockets mú un ṣáájú gbogbo ẹni tí ó jáde lọ́dún náà. Michael Jordan ni wọ́n mú ṣe ẹnìkẹta. Ìyanu Ọlájùwọ́n wà lẹ́sẹ̀. Àwọn òmìrán ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa dúró bí òpó. Òun a sún sí ọ̀tún, ara ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ yóò ti tẹ̀ síbẹ̀, òun á ti yí sí òsì. Ẹsẹ̀ aṣọ́góòlù nìyẹn, ìṣísẹ̀ kéékèèké, ojú lára ìbàdí ẹni tí ó fẹ́ jù. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nígbà púpọ̀ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti aláfọwọ́gbá ni ó fún òun ní ẹsẹ̀ náà. Ìgbà 3,830 ni ó gbá bọ́ọ̀lù dànù kí ó tó dé inú àwọ̀n. Kò sí ẹni tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìwé ìṣirò líìgì náà. Ó gba ife-ẹ̀yẹ ní ọdún 1994 àti 1995. Jordan alára, ọ̀gá gbogbo wọn, kò sí lórí pápá ní ọdún 1994. Ó ti lọ dán bọ́ọ̀lù onígi wò ní ìlú Birmingham ní Alabámà, kò tà á, ó sì padà ní ọdún 1995. Ẹ rí i pé kì í ṣe Bolt nìkan.

Kí ni ìyàtọ̀? Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, kò sí iyè méjì. Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà tí a kì í sábàá kà sí. Nígbà tí Ọlájùwọ́n ń ṣe àṣìṣe, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ó ṣe é ní Èkó, ó ṣe é ní Houston, ó ṣubú, ó dìde, ó jẹ́ ọmọ-ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́rin gbáko. Gbajúmọ̀ kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí Bolt kọ́kọ́ ṣi bọ́ọ̀lù gbà, gbogbo ayé rí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Òkìkí tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún un kò jẹ́ kí ó rí yàrá tí yóò ti kọ́ iṣẹ́.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1996, ní Atlanta, Chioma Ajunwa fo mítà 7.12, ó sì di ẹni kìíní tí ó dá gba wúrà Òlíḿpíìkì fún Nàìjíríà. Obìnrin yìí kan náà wà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin tí Nàìjíríà kó lọ sí Ife Àgbáyé ní Ṣáínà ní ọdún 1991. Ó ń fò, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù ní àsìkò kan náà. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 3, àwọn ọmọkùnrin wa gba wúrà bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni Ọlájùwọ́n gba wúrà bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àsíá Amẹ́ríkà. Ẹni méjì nínú àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ara wọn kí wọ́n tó di ẹni tí wọ́n dà níbòmíràn. Ilé-ẹ̀kọ́ dáadáa ni bọ́ọ̀lù jẹ́ fún ọmọdé. Àgbà tí ó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ bí ibi iṣẹ́ ni ó máa ń lé padà.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ilé-ẹ̀kọ́ tiwa. Ìlúpéjú, ilé-iṣẹ́ ni ó pé jọ síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti wí: ilé-iṣẹ́, ilé ìkẹ́rùsí, ojú irin. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí ó wà láàárín wọn, ilé gbígbé ni wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀. Àgbàlá wọn kò gba ọmọ ogún kí ó sáré. Níbi tí pápá bá tilẹ̀ wà, wákàtí eré ìdárayá ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ máa ń gbà fún àfikún ẹ̀kọ́ ìṣirò bí ìdánwò bá ti ń súnmọ́lé. N kò bá àwọn ọ̀gá wọ̀nyí jà. Mo mọ ohun tí àwọn òbí ń béèrè lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ó kù fún àwọn ọmọ ni títì. Bí ọjọ́ ìsinmi bá dé tí ọkọ̀ dínkù, wọ́n á to òkúta méjì méjì síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n á máa gbá mọ́ńkì pọ́sì pẹ̀lú bọ́ọ̀lù rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ má ṣe kẹ́gàn rẹ̀. Ọmọ tí ó bá lè gbá bọ́ọ̀lù kọjá láàárín ẹsẹ̀ mẹ́fà, gọ́tà, àti ọ̀kadà tí ó dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó ti kọ́ èdè náà débi pé kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kò lè kọ́ fífò níbẹ̀, kò lè kọ́ jíjù, kò sì lè rí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fi ọwọ́ kàn. Wọ́n kọ́ Pápá Ìṣeré ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Surulere fún ìdíje gbogbo Áfíríkà ti oṣù kìíní ọdún 1973. Rowe Park wà ní Yaba. Mélòó nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ni olùkọ́ wọn ti mú dé ọ̀kankan nínú méjèèjì?

Nítorí náà n kò fara mọ́ kí a mú ọmọ ọdún mẹ́wàá sí akádẹ́mì bọ́ọ̀lù, kí a sì kà á léèwọ̀ fún un láti ṣe ohun mìíràn. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ọlájùwọ́n, aṣọ́góòlù gíga kan ni ì bá jẹ́ ní Èkó.

Ti ọmọ ọdún méjìdínlógún tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ńkọ́, ẹni tí ó yára tí kò sì gbá bọ́ọ̀lù dàgbà? Bí ó bá wá sọ́dọ̀ mi, n kò ní lé e. N ó ní kí ó lọ bá ẹgbẹ́ kékeré kan ní àdúgbò gbá bọ́ọ̀lù fún oṣù mẹ́ta, láìsan kọ́bọ̀ fún aṣojú kankan, kí ó sì jẹ́ kí olùkọ́ ẹgbẹ́ náà sọ òótọ́ fún un. Bolt náà kò ní ju oṣù mélòó kan lọ kí ó tó mọ ibi tí òun dé. Títí oṣù mẹ́ta náà yóò fi pé, kí ó má ṣe fi bàtà eré sísá rẹ̀ ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Mo rí i pé ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́ eré ìdárayá tí ó jókòó ní ọ̀tún mi ti ń mi orí láti ìgbà tí mo ti dárúkọ akádẹ́mì. Olótùú wa, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tirẹ̀.